Kì í Ṣe Gbogbo Epo Ni Epo: Bí Bẹntiróòlù Ṣe Dé Ọwọ́ Wa

  Ìtàn ìlú la sábà máa ń kọ sí abala yìí. Ìtàn náà ni mo gbé wá lóṣù yìí, àmọ́ ìtàn nǹkan kan tí gbogbo wa ń rà ni, tí a kì í bi ara wa léèrè bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa: epo bẹntiróòlù.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó mú mi kọ ọ́. Ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo wà lórí ìlà ní ilé epo kan lójú ọ̀nà wa. Mi ò ní dárúkọ ilé epo náà, torí ẹjọ́ wọn kọ́. Bọ̀dá kan wà níwájú mi, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì wà nínú búùtù ọkọ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọbìnrin tó ń ta epo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa ọkọ̀ yín, ẹ sọ kẹ́ẹ̀gì yẹn kalẹ̀." Bọ̀dá fara ya. "Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra epo? Mo ti ń ra epo kí wọ́n tó bí ẹ!"

Àwa tó wà lẹ́yìn ńkọ́? A ò gbèjà ọmọ náà o. Òun la pariwo lé lórí: "Àǹtí, ẹ tà á fún wọn jàre, oòrùn ń pa wá!" Èmi náà wà lára àwọn tó pariwo. Ọmọ náà wò wá, kò sọ nǹkan kan mọ́, ó ki ẹnu páńpù bọ kẹ́ẹ̀gì nínú búùtù, ó tà á. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Bọ̀dá wa ọkọ̀ wọn lọ.

Pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yẹn ló wá ń dùn mí títí di òní. Torí pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lánàá la ṣe máa tún un ṣe lọ́la. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí mo sì rí ni pé ìwà tí a ń hù nídìí páńpù ní ìtàn tirẹ̀. A ti mọ epo méjì kan rí kí bẹntiróòlù tó dé. Ìwà tí a fi bá àwọn epo àkọ́kọ́ yẹn lò la gbé wá bá a.

Epo pupa

Kí ojú títì tó dé, orí omi ni ọ̀nà wa. Ọjà Ẹ̀jìnrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà ńlá etí ọ̀sà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ibẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn ará Èkó ti ń pàdé, tí ọkọ̀ ojú omi ń já ẹrù, tí wọ́n ń kó ẹrù. Epo pupa wà lára ọjà pàtàkì tó ń gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó nígbà náà. Àwọn òyìnbó fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì fi ń pa ara ẹ̀rọ wọn kó má baà ta kókó.

Ẹ wo irú nǹkan tí epo pupa jẹ́. Ìdí iná ni wọ́n ti ń sè é, ìdí iná ni wọ́n ti ń lò ó. Tó bá dà sílẹ̀, ìyá á bínú, wọ́n á da yanrìn sí i, ó parí. Ọmọdé lè gbé ìgò epo pupa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán kí ẹnikẹ́ni má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Epo tí àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ilé ni.

Epo òyìnbó

Ní ọdún 1859, wọ́n gbẹ́ kànga epo rọ̀bì kan ní ìlú Titusville, ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi tan àtùpà. Ní 1907, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó padà di Mobil bẹ̀rẹ̀ sí í ta kẹrosíìnì nílẹ̀ wa, Sunflower ni wọ́n pe ọjà náà. Inú agolo ńlá ló máa ń wà. Agolo yẹn náà la sọ di gáráwá, tí a fi ń pọnmi, tí a fi ń wọn gàárì, tí a tún wá fi ń wọn epo pupa. Ẹ ò rí i pé epo méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ilé kan náà!

Kẹrosíìnì léwu ju epo pupa lọ, àmọ́ òun náà ní sùúrù díẹ̀. Èéfín rẹ̀ kì í tó nǹkan tí iná lè gbá mú àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi nílò òwú nínú fìtílà kó tó lè jó dáadáa. Ìdí nìyẹn náà tí ọ̀pọ̀ ìyá wa fi ń bu epo sí sítóòfù nígbà tí fìtílà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí wàhálà. Ó burú, kò yẹ kí wọ́n ṣe é, àmọ́ epo òyìnbó fojú fò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí wọ́n bá sì da bẹntiróòlù lù ú, sítóòfù á bú gbàù. A mọ àwọn tó kú nípa bẹ́ẹ̀.

Epo mọ́tò

Nísinsìnyí, bẹntiróòlù. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń fọ epo rọ̀bì láti mú kẹrosíìnì jáde, apá kan máa ń yọ tó fúyẹ́ jù, tó ń yára gbiná jù. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ń dà á nù sínú odò. Bẹntiróòlù nìyẹn o! Ìdọ̀tí ni wọ́n kà á sí títí mọ́tò fi dé. Kódà ní 1888, nígbà tí Bertha Benz, ìyàwó ẹni tó ṣe mọ́tò ní Jámánì, wa mọ́tò ọkọ rẹ̀ rìn ọ̀nà jíjìn, kò sí ilé epo kankan. Ilé olóògùn ló wọ̀ ní ìlú Wiesloch, ó ra èyí tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ.

Nílẹ̀ wa, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ là fún mọ́tò, ní 1906. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ń ta mọ́tò tó sì ń tún un ṣe. Bí mọ́tò ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni epo rẹ̀ ń pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Sylvanus Bowser ti ṣe páńpù ní 1885, kẹrosíìnì ló sì ṣe é fún. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbé páńpù náà dé ìdí bẹntiróòlù. Ẹ rí i, àwọn òyìnbó pàápàá mú ohun èlò kẹrosíìnì lọ sí ìdí epo mọ́tò.

Ṣùgbọ́n tiwa ju páńpù lọ. Àwa mú orúkọ. A pe èyí tó wà nínú ìkòkò ní epo pupa, a pe ti àtùpà ní epo òyìnbó, a pe ti ọkọ̀ ní epo mọ́tò. Epo, epo, epo. Ó wá dà bíi pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Orúkọ yẹn ló ń tàn wá jẹ.

Epo pupa fẹ́ iná tó pọ̀ kó tó gbiná. Kẹrosíìnì ń dúró de ìwọ̀n 38. Bẹntiróòlù ń mú èéfín tó lè gbiná jáde láti nǹkan bí ìwọ̀n 40 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kò sí ọjọ́ kankan ní Agbowa, ì báà jẹ́ òru ọyẹ́, tí èéfín yẹn kì í jáde. Èéfín náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń fà nílẹ̀ bí omi tí a ò lè rí, á wọ gọ́tà, á wọ abẹ́ mọ́tò, á lọ bá iná níbi tó wà. Tó bá ti tó nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹta iná bíńtín ti tó o. Kì í ṣe bẹntiróòlù tí ẹ ń rí ló ń jó. Èyí tí ẹ ò rí ló ń kọ́kọ́ jó.

Ohun tí àìmọ̀ yìí ti ná wa

Ní 26 oṣù Kejìlá 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, àwọn èèyàn ń bu epo níbi tí wọ́n ti lu páìpù ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ju 200 èèyàn lọ tó kú. Ní 15 oṣù Kẹwàá 2024, tánkà ṣubú ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, àwọn ará ìlú gbé abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì jáde. Ó ju 150 tó kú. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojúkòkòrò ni. Ebi wà níbẹ̀, mo gbà. Ẹ rántí pé láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti parí, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà bù ú. Abọ́ ni wọ́n fi bù ú, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, bí ẹni ń bu epo pupa nínú agbada.

Ilé epo náà ńkọ́? Ní 3 oṣù Kẹfà 2015, òjò ńlá rọ̀ ní Accra, orílẹ̀-èdè Gánà. Gọ́tà ti dí, omi kún ìlú. Àwọn èèyàn sá wọ abẹ́ òrùlé ilé epo kan ní agbègbè Kwame Nkrumah Circle. Epo ti jò, ó léfòó lórí omi àgbàrá. Iná sọ. Ó ju 150 èèyàn lọ tó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìjọba sì kéde ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀fọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé sìgá kan tó já bọ́ sínú omi náà ló tan iná. Sìgá kan ṣoṣo. Ilé epo ní ẹ̀bi tirẹ̀, àwọn tó dí gọ́tà ní tiwọn, àmọ́ ọwọ́ ẹnì kan tó kàn dúró síbẹ̀ ni iná ti wá.

Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì náà ní ìtàn. Ní 4 oṣù Keje 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo lábẹ́ NUPENG, tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé àgbà wọn, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nítorí ìbò June 12. Epo wọ́n gan-an. Bí ọ̀wọ́n epo kan ṣe ń lọ lòmíì ń dé, a kọ́ láti máa tọ́jú epo sílé. Jẹnẹrétọ̀ dé, ó tún mú un le sí i. Kẹ́ẹ̀gì wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ó wọ kíṣíìnì, ó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta epo tó wá láti Nàìjíríà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí gbiná ní Sèmè-Kpodji ní 23 oṣù Kẹsàn-án 2023. Ó ju 30 èèyàn lọ tó jóná. Àwọn òwe àgbà wa ti sọ ọ́: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwa ń fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó wà lára pátákó

Gbogbo ilé epo ló ní pátákó. A kì í kà á. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀.

Pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní iná mànàmáná àti ooru nínú. Páìpù èéfín ọ̀kadà gbóná débi pé ó ń bó awọ ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n sì ti ń rọ epo sínú ọ̀kadà kò jìnnà sí i. Èrò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó rọ epo, torí tí iná bá sọ, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kì í rí ọ̀nà sá.

Sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Èyí tí bọ̀dá yẹn fi bínú nìyí. Bí epo ṣe ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì, iná mànàmáná kékeré ń kóra jọ, irú èyí tó máa ń ta wá lára nígbà tí a bá bọ́ súwẹ́tà nígbà ọyẹ́. Tí kẹ́ẹ̀gì bá wà lórí ilẹ̀, iná náà lè rí ọ̀nà wọlẹ̀ lọ. Tó bá wà lórí kápẹ́ẹ̀tì búùtù, kò rí ibi gbà, á máa dúró de ohun tó máa fò lé. Èéfín sì ti kún búùtù. Ọyẹ́ ló burú jù, torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Oṣù ọyẹ́ yẹn gan-an la máa ń wálé ọdún.

Má wọlé jáde. Tí wọ́n bá ń rọ epo sí ọkọ̀ yín, ẹ má padà wọlé lọ jókòó kí ẹ tún jáde wá di páńpù mú. Bí aṣọ ṣe ń ha ara ìjókòó, ara yín ń gba iná náà. Àjọ àwọn tó ń ṣe ohun èlò ilé epo ní Amẹ́ríkà, Petroleum Equipment Institute, kó ìròyìn iná irú èyí tó ju 150 lọ jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ti ẹni tó padà wọ ọkọ̀. Tó bá di dandan kí ẹ wọlé, ẹ fọwọ́ kan irin ara ọkọ̀, níbi tó jìnnà sí ẹnu táǹkì, kí ẹ tó sún mọ́ páńpù.

Fóònù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àjọ yẹn kan náà ní àwọn ò tíì rí iná kan tó dájú pé fóònù ló dá a sílẹ̀. Mo sọ ọ́ torí tí a bá purọ́ lórí ọ̀kan, àwọn èèyàn ò ní gba ìyókù gbọ́. Àmọ́ ẹni tó ń tẹ fóònù kì í gbọ́ "Ẹ pa ọkọ̀ yín sà," kì í rí epo tó ń kún jáde. Ẹ ṣe tránsífà yín tán kí ẹ tó dé ìdí páńpù, tàbí kí ẹ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Tí iná bá wá sọ lẹ́nu táǹkì, ẹ má fa páńpù yọ, torí ẹ máa fọ́n iná káàkiri ni. Ẹ fi í síbẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ pariwo kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ẹ má da omi sí i, bẹntiróòlù ń léfòó lórí omi, iná á bá omi lọ. Yanrìn inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni tirẹ̀. Ẹ pe 767 tàbí 112.

Ẹni tó di páńpù mú

Ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ní 1949 pé oníbàárà ò gbọdọ̀ rọ epo fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé epo ló gbọ́dọ̀ rọ ọ́. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n kọ sínú òfin náà ni ewu iná, torí òṣìṣẹ́ ló máa rí i pé oníbàárà pa ẹ́ńjìnnì, kò sì mu sìgá. Òfin yẹn ṣì wà títí di òní. Àwa náà ní òṣìṣẹ́ nídìí páńpù. Ohun tí àwọn kan fi òfin wá, ó ti wà lọ́wọ́ wa. Àmọ́ kí ni àǹfààní ẹni tó di páńpù mú, tí a kì í bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

Àbúrò wa ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ń fi owó iṣẹ́ náà san owó ìwé. Wọ́n ń bẹ̀rù pé tí oníbàárà bá fẹjọ́ sùn, iṣẹ́ lè bọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹni ńlá kan bá jágbe mọ́ wọn, wọ́n á tà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà pọ̀ lórí ìlà, ọ̀dọ́ náà pọ̀, orí ọmọ sì wọ́ lójú gbogbo wa.

Epo ò ní dínkù ní agbègbè wa o. Ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bẹntiróòlù jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ sì ti di ọ̀nà tánkà. Ọ̀kadà àti màrúwà la fi ń rìn níbí. Oṣù Kejìlá ń bọ̀, ẹ̀yin ará òkè òkun àti ará Èkó máa kó ọkọ̀ wálé, kẹ́ẹ̀gì jẹnẹrétọ̀ á pọ̀.

Nítorí náà, àwa ọ̀dọ́ fẹ́ lọ bá àwọn ọlọ́kadà àti onímàrúwà ní páàkì wọn kí ọyẹ́ tó mú, ká sọ ìtàn yìí fún wọn ní èdè tó yé wa. A fẹ́ bá àwọn tó ni ilé epo sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ̀ láti ta epo fún ẹni tí kò pa ẹ́ńjìnnì kò ní jìyà. Ẹ̀yin àgbà, ohùn yín la nílò níbẹ̀ jù. Owó kọ́ la wá tọrọ.

Ní tiyín, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wà lórí ìlà, tí ọmọ ilé epo bá sọ fún ẹnì kan pé kó pa ọkọ̀, kí ẹnì kan nínú yín là á mọ́lẹ̀ pé: "Bọ̀dá, ẹ pa á, òótọ́ lọmọ náà ń sọ." Ẹnu ẹnì kan ti tó. Ẹnu mi gan-an ni ì bá ti tó lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti padà lọ wá ọmọ náà láti bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ojoojúmọ́ ni." Ojoojúmọ́ yẹn ni mo fẹ́ ká jọ pa rẹ́ ní Agbowa.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé wa, á ṣọ́ ọ̀nà wa. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. A ó máa rí ara wa bá.